Ẹ Bi Màmá Ọ́fíìsì: Àyè iṣẹ́ ṣí, wọn ò sọ fún wa

Ẹ kú oṣù tuntun o. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú èyí tó dé, wọ́n sì jọra bí ọmọ ìyá. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, kálukú kàn gbé e gba ọ̀nà tirẹ̀ ni: ṣé dandan ni kí ẹni tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ kéde rẹ̀ síta kí gbogbo ayé gbọ́? Èyí tó gùn jù ni mo máa fi ṣáájú. Mo ti yọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà kúrò, torí ibẹ̀ ni ọmọ náà ṣì ti ń jẹun.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 29 ni mí, mo ní ND nínú ìṣirò owó. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe kọ́ńtíráàtì nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ṣàgámù. Inú sítọ̀ọ̀ ni mo wà. Èmi ni mò ń ka àpò fúláwà tó bá wọlé, èmi ni mò ń kọ ọ́ sínú búùkù, èmi náà ni mò ń fi fóònù jí súpáfáísọ̀ tí tírélà bá dé lóru. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá sítọ̀ọ̀ wa fẹ̀yìn tì. Mo rò pé wọ́n á lẹ ìwé mọ́ pátákó kí àwa tá a bá fẹ́ lè kọ̀wé. Wọn ò lẹ nǹkan kan. A dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a bá ọmọkùnrin kan lórí àga. Àbúrò ìyàwó máníjà ni. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àpò. Màmá, ṣé òfin ò sọ pé dandan ni kí wọ́n kéde àyè iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn ni? Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́? Ẹni Tó Ń Ka Àpò, Ṣàgámù.

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti ní kí o máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àpò, mo bọ́ awò ojú mi sílẹ̀, mo lọ bu omi mu. Ìbínú rẹ kì í ṣe ìbínú asán.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí mo ní kò ní dùn mọ́ ọ: rárá. Kò sí òfin ní Nàìjíríà tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé iṣẹ́ aládàáni pé kí wọ́n kéde àyè iṣẹ́. Labour Act, òfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti 1974 ló ti wà. Ó sọ̀rọ̀ owó oṣù, ó sọ̀rọ̀ ìsinmi, ó sọ̀rọ̀ aboyún, ó sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ta èèyàn lólobó kí wọ́n tó dá a dúró. Nípa pé kí agbanisíṣẹ́ kéde àyè iṣẹ́, kò la ẹnu rẹ̀ rárá. Tó bá wu olówó ilé iṣẹ́, ó lè dúró lẹ́nu géètì kí ó mú ẹni àkọ́kọ́ tó bá dé fìlà. Ohun tí òfin kọ̀ fún un ni pé kí ó ti èèyàn dànù torí pé aláàbọ̀ ara ni, òfin 2018 wà fún ìyẹn, tàbí torí pé kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, ti ìyẹn jáde ní 2014. Ọ̀rọ̀ àbúrò ìyàwó máníjà ò sí níbẹ̀.

Ẹjọ́ tí o ní o fẹ́ pè ńkọ́? National Industrial Court ló ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Adájọ́ á bi ọ́ pé òfin wo ni wọ́n rú, o ò sì ní rí èyí tí o máa tọ́ka sí. Nígbà yẹn, owó lọ́yà ti lọ, owó ọkọ̀ ti lọ, orúkọ rẹ sì ti dé etí máníjà.

Kí n tó sọ ohun tí o lè ṣe, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Èmi tí ẹ ń pè ní Màmá Ọ́fíìsì yìí, tí mo lo ọdún 31 nílé iṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nídìí gbígba òṣìṣẹ́, kì í ṣe ìkéde ló gbé mi wọlé. Ọdún 1981 ni. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ń ta ẹ̀wà àti dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Akọ̀wé kan tó máa ń jẹ ẹ̀wà ní àwìn ló sọ fún un pé obìnrin tó ń tẹ̀wé fún àwọn fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàdúná. Àǹtí mi ní, “Mo lọ́mọ nílé tó ń tẹ̀wé.” Bàtà àǹtí mi ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀ ní Túsìdeè, ó tóbi jù mí lọ, a sì fi ìwé ìròyìn dí i níwájú. Mo tẹ lẹ́tà kan fún wọn, àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbà mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àǹtí mi fagi lé gbogbo gbèsè ẹ̀wà tí akọ̀wé yẹn jẹ. Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà yẹn bóyá ìyẹn náà kì í ṣe rìbá. Mi ò tíì dá ara mi lóhùn.

Ká ní òfin fi dandan lé ìkéde nígbà náà ni, ẹni tó mọ̀wé tẹ̀ jù mí lọ ni ì bá jókòó síbẹ̀. Torí náà mi ò lè wá síbí wá fi ìka gún máníjà yín lójú bíi pé èmi ò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé rí.

Àwọn tó sì ń kéde ńkọ́? Nígbà tó di 1994, mo ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo ti wà ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wa lókè òkun ní kí a máa polówó gbogbo ipò ọ̀gá sínú ìwé ìròyìn. A polówó ti akáńtáǹtì. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìpolówó náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa gba iṣẹ́ ọ̀hún ń mu tíì lọ́wọ́ nínú ọ́fíìsì ọ̀gá mi lọ́jọ́ tí mò ń kọ ọ́. Lẹ́tà tó dé lé ní irinwó. Inú àpò ìrẹsì la kó wọn sí. Ọ̀kan wá láti Ìkìrun. Bíró aláwọ̀ búlúù ló fi kọ ọ́. Ó ti kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù àti rúlà fa ìlà kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà wọ́, ó wá fi rọ́bà pa ìlà náà rẹ́, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá gbé ìwé yẹn sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ìlà náà ṣì ń hàn fírífírí. Ó fi àpò ìwé mìíràn sínú rẹ̀, ó ti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, ó ti lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, kí àwa ṣáà ti ki ìdáhùn bọ inú rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi bóyá kí n dá a lóhùn. Ó ní tí mo bá dá ẹnìkan lóhùn, irinwó ni mo máa dá lóhùn. Àpò ìwé yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí òǹtẹ̀ kankan lórí sítáǹbù rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ìpolówó tí wọ́n fi tépù wọn ara ẹnìkan kí wọ́n tó rán an. Tí o bá rí i tí wọ́n ń wá ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí báyìí àti báyìí, tó ti ṣiṣẹ́ ọdún méje nínú òwò rọ́bà, tó gbọ́ Faransé díẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 36 lọ, ẹnìkan ti wọ aṣọ yẹn wò kó tó dé ọjà. Tí ìpolówó bá jáde ní Sátidé ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, tí wọ́n ní Túsìdeè ni àwọn máa ti ilẹ̀kùn, ìwọ náà mọ̀ pé ojú ayé lásán ni.

Ó dáa, ká padà sídìí ọ̀rọ̀ tìrẹ. O ní kọ́ńtíráàtì ni o. Lọ yọ ìwé tí wọ́n fún ọ nígbà tí o wọlé. Orúkọ ta ló wà lókè rẹ̀? Tó bá jẹ́ ti ẹni tó kó yín wá, a jẹ́ pé lójú ilé iṣẹ́ bisikíìtì yẹn, o kì í ṣe ọmọ ilé. Ká tiẹ̀ ní wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó, àwọn ọmọ ilé ni wọn ì bá lẹ̀ ẹ́ fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́ńtíráàtì kì í mọ èyí títí di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ rárá, ibẹ̀ ni òfin ti lè gbè ọ́: Labour Act ní kí oṣù mẹ́ta má pé kí agbanisíṣẹ́ tó fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ ẹni tó gbà á, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye tí wọ́n ń san àti wákàtí tó ń lò. Ìwọ ti lo ọdún mẹ́ta. Béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àti ohun mímu máa ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ṣe àdéhùn, ilé iṣẹ́ mìíràn sì ní ìwé òfin inú ilé tí wọ́n ń pè ní hándíbúùkù. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti lè kọ ọ́ pé tí àyè bá ṣí, inú ilé ni àwọn máa ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀ kí àwọn tó wo ìta. Mo ti jókòó síbi tí a ti kọ irú gbólóhùn yẹn. Odindi ọ̀sán kan la fi jà lórí bóyá ká kọ “gbọ́dọ̀” tàbí ká kọ “lè”. Tí “gbọ́dọ̀” bá wà nínú tiyín, ohun tí ìjọba ò fi ṣe dandan fún wọn, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn fi ṣe é, o sì ti rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ni kí o fi béèrè. Má dárúkọ àbúrò ìyàwó ẹnikẹ́ni. Sọ pé o fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yan èèyàn sípò, kí o lè múra de ìgbà mìíràn.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó máa ta ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ra ìwé kékeré kan, kí o máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ báyìí, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìwé tí awakọ̀ tírélà mú wá wé iye àpò tó bọ́ sílẹ̀, ọjọ́ báyìí, mo fi ibi tí a ń tò àpò tó ya sí hàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kọ̀wé sí máníjà, ojú ewé kan péré. “Láti oṣù báyìí, ọdún báyìí, ni mo ti wà ní sítọ̀ọ̀ yìí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe rèé. Ohun tí mo ti kọ́ ọ̀gá sítọ̀ọ̀ tuntun rèé. Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ sọ mí di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yìí.” Mú ẹ̀dà kan dání, kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ fọwọ́ sí i, kó kọ déètì. Máníjà tó ní ọ̀gá lókè kì í fẹ́ràn ìwé tó ní déètì.

Màmá, àwọn ọmọ mi ní kí n má kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ mi obìnrin ti sin ìjọba tán láti 2022, kò tíì ríṣẹ́. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òun lẹ́nìkan ní Àbújá, pé ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ń gba èèyàn lábẹ́lẹ̀, pé wọn ò kéde rẹ̀ torí “wéfà” ni wọ́n gbà. Ó ní slot méjì ló kù, ₦800,000 ni ọ̀kan. Mo ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́? Ìyá Aránṣọ, Ìbàdàn.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ẹ̀rọ kejì.

Ti ìjọba yàtọ̀ sí ti aládàáni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí, ti 1999, ní kí ìjọba àpapọ̀ má ṣe jẹ́ kí èèyàn ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ gba gbogbo ipò mọ́ra. Federal Character Commission, tí òfin 1996 gbé kalẹ̀, ló ń ṣọ́ ìyẹn. Ìlànà tiwọn ni pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ polówó àyè iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn méjì, ó kéré tán, tó ń kárí orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì fún àwọn èèyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn nítumọ̀: ọmọ tó wà ní Ṣakí lè rí ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ ẹni tó fi ń di ẹ̀pà, kó sì bá a. Kódà gíwá yunifásítì ìjọba àpapọ̀, òfin tí wọ́n ṣe ní 2003 ní kí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà polówó ipò ọ̀hún nínú ìwé ìròyìn tí èèyàn púpọ̀ ń kà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín. Wéfà wà. Ìwé àyọ̀ǹda ni, tí ilé iṣẹ́ ìjọba ń gbà kí ó lè gba èèyàn láì polówó. Ní 2016, ìròyìn gba ìlú pé Báńkì Àpapọ̀, CBN, gba àwọn kan láìkéde, wọ́n sì ní ọmọ àwọn èèyàn ńlá wà nínú wọn. Báńkì náà ní iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ pàtó ni àwọn ń wá èèyàn sí. Ní 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin jókòó wádìí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ títà, ẹ̀sùn tó sì jáde níbẹ̀ kan Federal Character Commission fúnra rẹ̀, àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ọjà.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn wọ̀ yín létí nìyẹn. Gbájúẹ̀ kì í fi irọ́ nìkan ṣe òwò. Ó máa ń bu òtítọ́ díẹ̀ lù ú, bí àwọn kan ṣe ń bu omi lu oyin. Wéfà wà, òótọ́ ni. Ṣé ọwọ́ ọkùnrin tí ẹ jọ ń jókòó ní bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá wà? Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ọjọ́ wo ni wọ́n fọwọ́ sí wéfà náà, kí sì ni nọ́ńbà ìwé náà? Ẹ má wo ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò.

Tí iṣẹ́ náà bá sì wà lóòótọ́, wàhálà mìíràn tún nìyẹn. Òfin ìwà ìbàjẹ́ ti 2000 mú ẹni tó gbà rìbá, ó mú ẹni tó fún un. Tí kò bá sí iṣẹ́ kankan, òfin jìbìtì ti 2006 ní ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún ni, kò sí pé kó sanwó dípò. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ ò ní dá ẹ̀rọ yín padà sílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, èyí tí wọ́n kéde, kí ló tìdí rẹ̀ yọ? Àwọn tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò jẹ̀bi. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2014 ni wọ́n ń rántí. Iṣẹ́ Immigration ni, wọ́n sì kéde rẹ̀ gbangba. Wọ́n gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù, àyè tó wà ò tó 5,000. Wọ́n ní kí wọ́n wá sí pápá ìṣeré ní Àbújá, ní Minna, ní Port Harcourt, ní Benin àti níbòmíràn, àwọn ọmọ náà wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé bíi pé eré ìdárayá ni wọ́n fẹ́ ṣe. Èrò ju ẹnu géètì lọ. Ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú sí àtẹ̀mọ́lẹ̀ àti rògbòdìyàn ọjọ́ yẹn, aláboyún sì wà nínú wọn. Ìjọba wá ní kí wọ́n fún àwọn ẹbí olóògbé níṣẹ́. Iṣẹ́ ìyẹn ò gba ìkéde.

Síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti kéde ni kí ọmọ yín máa wò. Tí ìkànnì Federal Civil Service Commission bá ṣí, kó forúkọ sílẹ̀. Wọn kì í ta fọ́ọ̀mù. Ẹ má fojú kéré ti ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń gba olùkọ́ ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Ọmọ aládùúgbò mi kan wọlé, bàbá rẹ̀ ń fọ́ igi ni, kò mọ kọmíṣọ́nà kankan. Mi ò sọ pé bó ṣe máa ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá rẹ̀ kò ta àáké rẹ̀.

Màmá, ẹ̀jẹ́ǹsì ló ń rán mi lọ síbi iṣẹ́ ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mò ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti wà nílé ìtọ́jú kan náà. Wọ́n gba súpáfáísọ̀ alẹ́ tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ti gbọ́ kó tó di pé wọ́n gbà á, àwa ẹ̀jẹ́ǹsì ò gbọ́. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí nílùú òfin? Àbúrò Yín, Kent.

Àbúrò mi, ká ní o lè ya díẹ̀ nínú òfin tiyín fún ẹni tó ń ka àpò ní Ṣàgámù ni! Ní ìlú Ọba náà, kò sí òfin tó ní kí gbogbo aládàáni polówó iṣẹ́ fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ ọba ni òfin 2010 ní kí wọ́n gbé sí gbangba kí àwọn èèyàn díje fún un. Òfin ìdọ́gba, Equality Act ti 2010, tún lè mú ilé iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé ẹnu-dé-ẹnu ló fi ń gba èèyàn títí tí gbogbo ibẹ̀ fi di aláwọ̀ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n fún ìwọ tí ẹ̀jẹ́ǹsì rán wá, nǹkan kan wà. Láti oṣù Kẹwàá 2011 ni Agency Workers Regulations ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì sọ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni o ti ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ nípa àyè iṣẹ́ tó bá ṣí ní ibi tí wọ́n rán ọ lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ilé tí ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ṣe ń gbọ́. Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, wọ́n lè fi síbi tí ẹ̀yin náà lè kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ni o, kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti gbà á. Fi ìmeèlì béèrè lọ́wọ́ wọn pé níbo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí, ọjọ́ wo sì ni. Kí o tó dá wọn lóhùn padà, pe àwọn Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ nímọ̀ràn níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn. Má jẹ́ kó pẹ́, torí ọjọ́ tí wọ́n máa ń fún èèyàn láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀.

Ìlú tiyín yẹn ló tiẹ̀ tún ní èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Títí di ìparí oṣù Kọkànlá 2020, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ mú òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè sábà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ polówó iṣẹ́ náà fún ọjọ́ 28, kó lè fi hàn pé òun ò rí ọmọ onílẹ̀. Amẹ́ríkà ṣì ń ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ gba green card fún: ó gbọ́dọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ní Sunday méjì. Ìpolówó tí ẹni tó gbé e jáde ń fi gbogbo ọkàn gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Màmá, ẹja inú yìnyín ni mò ń tà ní Òṣogbo. Mo fẹ́ gba ọmọbìnrin kan tí á máa bá mi tà. Ṣé mo gbọ́dọ̀ lẹ ìwé síta? Ìyá Ẹlẹ́ja.

Ìyá Ẹlẹ́ja, rárá o. Ẹ lè sọ ọ́ létí ẹni tó bá wù yín, kó sì parí síbẹ̀. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ lẹ ìwé, ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i, àwọn gbájúẹ̀ á máa pè yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ kọ “Ẹ wọlé wá béèrè.” Ẹ má gba ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Ẹ kọ iye tí ẹ máa san sí i. Owó oṣù ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti rí owó lójú ìwé kó tó wọlé kò ní wá fi àsìkò yín ṣòfò. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí i pé aago mẹ́fà àárọ̀ lẹ ti ń kó ẹja jáde nínú fírísà, kí ẹni tó ń bọ̀ mú súwẹ́tà dání. Mo mọ ọmọ kan tó sá lọ lọ́jọ́ kejì, òtútù nìkan ló lé e.